Ta Ló Ni Àwo?

Lọ́dún 1969, Haruna Ishola, àgbà olórin àpàlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, àti I. K. Dairo, oníjùjú tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, pawọ́ pọ̀ dá iléeṣẹ́ àwo sílẹ̀. Star Records ni wọ́n pè é. Kì í ṣe pé iṣẹ́ wọ́n wọn. Láyé ìgbà náà, olówó wo ló ń ṣe òkú ìyá rẹ̀ tí kò ní fẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wá kọrin lóde òun? Ohun tí wọ́n rí ni pé òde á tú, owó tí wọ́n ná fún olórin lóde náà á tán, ṣùgbọ́n àwo á ṣì máa tà nígbà tí olórin ti lọ sùn. Ẹni tó ni àwo ni owó yẹn ń wọlé fún.

Kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀, ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ni iṣẹ́ náà wà. HMV ló gba ohùn Haruna sílẹ̀ ní 1948, àwo náà kò sì tà tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹsẹ̀ ni Haruna fi wá orúkọ: ìlú dé ìlú, òde dé òde, títí àwọn ọlọ́lá fi ń jà sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ kì. Ní ti àwo, olórin á wọ sítúdíò, á kọrin, á gba iye tí wọ́n bá kà fún un, á sì máa lọ. Ohùn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ́kọ́dù ti di ti ẹlòmíràn.

Haruna kò dúró lórí Star Records nìkan. Ní 1979, ó kọ́ sítúdíò kan sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó pè é ní Phonodisk, ó sì kó ẹ̀rọ onítíráàkì 24 sínú rẹ̀. Olórin tí agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù jẹ́ gbogbo ohun èlò rẹ̀ ló kó irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sí ìlú ara rẹ̀, kò gbé e lọ sí Èkó. Ọdún mẹ́rin péré ló lò lẹ́yìn ìyẹn kó tó jáde láyé ní 1983.

Ọ̀nà tí àwọn àgbà yìí là náà ni àwọn tó tẹ̀ lé wọn gbà. Sunny Adé kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ African Songs lẹ́yìn aáwọ̀ tó dé kóòtù, ó sì dá Sunny Alade Records sílẹ̀ ní nǹkan bí 1974 sí 1975. Síkírù Àyìndé Barrister, tí òun náà ti ṣe àwo fún African Songs, dá Siky-Oluyole tirẹ̀ sílẹ̀. Kollington Àyìnlá dá Kollington Records. Àwọn tí a ń pè ní olórin ìbílẹ̀ yìí, tí àwọn ọmọ òde òní rò pé agbádá àti owó níná nìkan ni wọ́n mọ̀, àwọn ló kọ́kọ́ yé pé olórin tí kò ni àwo rẹ̀, alágbàṣe ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sunny. Ní 1982, Island Records, àwọn tó gbé Bob Marley dé gbogbo àgbáyé, mú un wọ ilé wọn. Juju Music jáde lọ́dún náà, Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, Aura sì dé ní 1984, èyí tí Stevie Wonder bá wọn fun hàmóníkà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn Aura, Island jáwọ́. Sunny fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kò gbà kí wọ́n sọ jùjú òun di orin òyìnbó, pé ìyẹn wà lára ohun tó fa ìpínyà. Ọ̀pọ̀ olórin tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ló máa ń padà wálé wá máa rò pé ọjọ́ òun ti pé. Ti Sunny kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ tirẹ̀ nílé, ó ní bọ́ìsì tó ń san owó fún, ó ní òde tó ń dúró dè é. Nígbà tó fi máa di 1999, orúkọ rẹ̀ tún wà nínú àwọn tí wọ́n yàn fún Grammy, nítorí àwo Odù.

Láàárín ayé rẹ́kọ́dù àti ayé fóònù, ọjà Alaba lágbègbè Ọ̀jọ́ ló jókòó sórí iṣẹ́ orin. Màkẹ́tà á gbọ́ orin, bó bá wù ú, á ka owó kan ṣoṣo fún olórin, á wá lọ tẹ CD àti VCD. Iye tó tẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kí orin tó pẹ́ nígboro, ayédèrú ti gba títì, èyí tí wọ́n kó orin èèyàn ogún jọ sórí CD kan tí wọ́n ń tà lójú gósiló. N kò ní bú àwọn màkẹ́tà pátápátá o. Àwọn ló gbé fújì àti fíìmù Yorùbá dé abúlé tí ọ̀dà kò dé. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn olórin ìgbà náà ibi tí másítà orin wọn, ojúlówó ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, wà lónìí. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní lè fèsì.

Ní báyìí, ẹ̀rọ ti dé ọwọ́ gbogbo èèyàn. Kọ̀ǹpútà àgbélétan kan, maikirofóònù kan tó dára díẹ̀, yàrá tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Tíráàkì 24 tí Haruna fi owó ńlá kó wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ kan ní ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àìsí ẹ̀rọ ló ń dí òun lọ́wọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ni bébà: bébà tí wọn kò kọ, bébà tí wọ́n fọwọ́ sí láì kà, àti bébà tó yẹ kí wọ́n tọ́jú tí wọ́n sọ nù.

Mo wà ní sítúdíò kan lágbègbè Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́bìnrin kan ń gba orin rẹ̀ sílẹ̀. Òde ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ ìbí ló fi tu owó sítúdíò jọ. Wọ́n ti pa fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù torí ariwo wọn, òógùn sì ń ṣàn lára gbogbo wa. Bàbá onílù kan gbé ìyáàlù kọ́ èjìká. Prodúsà, ọmọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ti ọmọ-ọmọ Bàbá lọ, fi hẹ́ẹ̀dífóònù sí wọn létí. Ó sún maikirofóònù sẹ́yìn títí ó fi tó ìwọ̀n apá kan sí ojú ìlù, torí bó bá sún mọ́ ọn jù, ṣaworo á bo ohùn awọ mọ́lẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tó ń dún tí-kì tí-kì létí yín yẹn ni kí ẹ máa tẹ̀ lé o.”

Bàbá lù ú díẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n tún lù ú, wọ́n tún dúró. Wọ́n yọ hẹ́ẹ̀dífóònù. “Ìwọ ọmọ yìí, ta ni kó máa tẹ̀ lé ta? Ṣé nǹkan tó ń kọ bí aago yìí ló máa kọ́ mi nílù?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi prodúsà. Ọ̀dọ́bìnrin náà ló kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú sà. Ẹ jẹ́ kí n wọlé wá kọ ọ́ lójú yín. Ẹnu mi ni kí ẹ máa wò.”

Prodúsà kò fẹ́ ẹ, torí ohùn obìnrin náà á wọnú maikirofóònù tó wà fún ìlù, wọn kò sì ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó gbà. Ó pa aago rẹ̀. Obìnrin náà dúró níwájú Bàbá, ó ń kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń sọ àṣírí, ìlù sì ń dá a lóhùn. Níbi tí ó bá ti mí, ìlù á mí. Níbi tó bá ti sáré díẹ̀, Bàbá ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, prodúsà jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fi aago rẹ̀ to ìṣísẹ̀ ìlù Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tó yára kó yára, ibi tó falẹ̀ kó falẹ̀. Lórí ìyẹn ni obìnrin náà wá padà kọ ohùn rẹ̀ lọ́tọ̀, lórí rẹ̀ náà ni gìtá àti kíbọ́ọ̀dù jókòó sí. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé Bàbá nígbẹ̀yìn. Mo ti gbọ́ orin náà lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n ń lù lórí rédíò lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló jọ mí lójú jù. Ọ̀dọ́bìnrin náà san owó Bàbá pé, ó wá yọ bébà kan jáde nínú báàgì. Bàbá wò ó. “Kí ni mo tún fẹ́ fọwọ́ sí? Ìlù ni mo wá lù.”

“Bàbá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó iṣẹ́ yín ti pé lọ́wọ́ yín, pé kò sí ìjà láàárín wa. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí orin yìí bá wọ fíìmù tàbí ìpolówó ọjà, ẹ ní ìpín níbẹ̀.”

Bàbá ní kí ẹnìkan kà á sí etígbọ̀ọ́ òun. Wọ́n kà á. Wọ́n ní kí wọ́n tún ibì kan kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì ní àwọn náà fẹ́ ẹ̀dà tiwọn. Prodúsà náà fọwọ́ sí tirẹ̀, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òun ló ṣe bíìtì, pé ìdá báyìí ni tòun nínú orin, pé obìnrin náà ló ni másítà. Gbogbo rẹ̀ kò gba ààbọ̀ wákàtí.

Ààbọ̀ wákàtí yìí ni ọ̀pọ̀ kì í ní. Ọ̀rẹ́ á bá ọ̀rẹ́ ṣe bíìtì, wọ́n á jọ kọ ègbè, wọ́n á jẹ àmàlà, wọ́n á fi orin sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí orin kò bá lọ, ìfẹ́ á wà. Bó bá lọ, ẹnìkan á rántí pé òun ló mú ìlà kejì wá. Òfin ẹ̀tọ́-oníṣẹ́ ilẹ̀ wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àfi kó wà lákọsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu, “ṣebí a jọ sọ ọ́,” kò dúró.

Òfin kan náà, èyí tí wọ́n pe ní ti 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kẹta 2023, tún jẹ́ ká rí i pé ohun méjì ni orin kan jẹ́. Ọ̀kan ni orin fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹnìkan dá. Èkejì ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń lo 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó dá a kú. Ti èkejì ń lo 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde. Bí a bá fi ìṣirò yìí wo Haruna Ishola, tó kú ní 1983, orin tó dá ṣì jẹ́ ogún ọmọ rẹ̀ títí òpin 2053. Ṣùgbọ́n àwo Oroki Social Club tó jáde ní 1971, 50 ọdún ti ohùn gbígbà rẹ̀ pé ní òpin 2021. Orin kan náà, ọmọ méjì, ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Olórin tí kò mọ̀ pé méjì ni á tọwọ́ bọ ìwé tó sọ pé òun yọ̀ǹda “gbogbo ẹ̀tọ́,” á rò pé ọ̀kan lòun fún wọn.

Ọ̀rọ̀ bíìtì gba àfiyèsí tirẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kó sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Bíìtì tí wọ́n fi owó kékeré rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sábà tà á pátápátá. Wọ́n yá wọn ni. Ìwé rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ń kà á, á sọ iye ìgbà tí àwọn èèyàn lè gbọ́ orin náà kí àyálò tó parí, á sì sọ pé ẹni tó ṣe bíìtì lè yá àwọn mìíràn náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gbọ́ orin yín lẹ́nu ọmọ kan ní Kampala pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Bí orin bá ti ń gbéra, ìgbà náà gan-an ni kí ẹ padà lọ ra bíìtì náà tán, kí ẹni tó ṣe é tó mọ̀ pé ó ń gbéra.

Wàyí o, gbígbé orin jáde. Olórin tó dá dúró kì í gbé orin lọ fún Spotify tàbí Apple Music fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń pín orin kiri ló ń bá a gbé e lọ: CD Baby, TuneCore, DistroKid àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àdéhùn wọn yàtọ̀ síra. Òmíràn ń gba owó ọdọọdún, bí ẹ bá sì dẹ́kun láti san án, orin yín lè kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òmíràn á gba owó lẹ́ẹ̀kan, á wá máa bù díẹ̀ nínú èrè. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè gbàgbé owó ọdọọdún, kó lọ bá ẹni tó ń bù díẹ̀.

Nígbà tí orin bá ń lọ, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà ISRC, lẹ́tà àti òǹkà 12 tó jẹ́ ti ohùn gbígbà kan ṣoṣo. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo ayé fi ń ka ìgbọ́ orin náà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Olórin tó bá kó orin rẹ̀ kúrò níléeṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láì mú nọ́ńbà àtijọ́ dání, orin rẹ̀ á di tuntun lójú ẹ̀rọ, ìgbọ́ tó ti fi ọdún mẹ́ta kó jọ sì lè padà sí òdo.

Ní ti owó, kí a sọ òótọ́ síra wa. Spotify kò ní iye kan pàtó tó ń san lórí ìgbọ́ kọ̀ọ̀kan. Owó tó bá wọlé ni wọ́n ń kó jọ, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni orin, olúkúlùkù sì ń gbà gẹ́gẹ́ bí ìgbọ́ tirẹ̀ ṣe tó. Nígbà tí wọ́n dé Nàìjíríà ní 2021, ₦900 ni olùgbọ́ ń san lóṣù. Lọ́dún náà, olùgbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ń san £9.99. Nítorí náà, ìgbọ́ kan láti Peckham, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí bí eèrà, wúwo lówó ju ìgbọ́ kan láti Agége lọ. Olórin Yorùbá tó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ará wa ní Peckham àti Houston ń fi owó ara rẹ̀ ṣòfò. Láti 2024 sì ni Spotify ti fi òfin kan kún un: orin tí wọn kò gbọ́ tó 1,000 ìgbà láàárín oṣù 12 kò ní gba kọ́bọ̀ kan lórí ohùn gbígbà rẹ̀.

Spotify kéde pé àwọn olórin Nàìjíríà gba ohun tó lé ní ₦58 bílíọ̀nù lọ́dọ̀ àwọn ní 2024, ìlọ́po méjì ti 2023 àti jù bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023 ti ré ₦1,500 kọjá kí 2024 tó parí. Ẹ fi dọ́là ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó jó. Àwọn gbajúmọ̀ díẹ̀ ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Owó mìíràn wà tí kì í dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń pín orin: owó tí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti hòtẹ́ẹ̀lì yẹ kó san nítorí orin tí wọ́n ń lù. Ẹgbẹ́ MCSN, tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ ní 2017, wà lára àwọn tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún olórin. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò lè bínú pé wọn kò mọ òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni YouTube ní ẹ̀rọ tó ń dá ohùn mọ̀. Bí wọ́n bá fi orin yín sínú fíìmù Yorùbá tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń wò, iléeṣẹ́ tó ń bá yín pín orin lè gba owó ìpolówó orí rẹ̀ wá fún yín, bí ẹ bá ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ kí wọ́n bá yín ṣọ́ ọ.

Síbẹ̀, òde ṣì ni oúnjẹ. Lójú tèmi, kò sí olórin Yorùbá tó dá dúró tó yẹ kó fi òde sílẹ̀ tìtorí íntánẹ́ẹ̀tì. Òde ló ń san owó sítúdíò, òde ló ń san owó bọ́ìsì, òde ni olórin ti ń mọ èyí tó ń mú àwọn ìyá ìdílé dìde nínú orin rẹ̀. Àmọ́ òde náà ti yí padà. Abala 21 nínú òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ná náírà lóde, tó ń jó lórí rẹ̀ tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín sí oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó tí kò dín sí ₦50,000, tàbí méjèèjì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sẹ́ni tó kà á sí. Lóṣù kẹrin 2024, kóòtù kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀, gbogbo ìlú bá kà á. Olórin tó ń retí kí wọ́n lẹ owó mọ́ òun níwájú orí ti gbọ́dọ̀ wá máa gba owó rẹ̀ pé kí òde tó bẹ̀rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí iwájú ìlù, kó sì mọ iye tí òun ń bèèrè. Ó dùn mí díẹ̀ nítorí ẹwà àríyá wa, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ olórin láti máa ṣe ìwé owó rẹ̀.

Àwọn kan wà tí a lè wo. Ṣẹ́gun Akinlolú, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Beautiful Nubia, kọ́ iṣẹ́ dókítà ẹranko. Seven Lifes rẹ̀ jáde ní 1997, Jangbalajugbu ní 2002, lábẹ́ iléeṣẹ́ EniObanke tirẹ̀ ló sì ti ń gbé àwo jáde láti ìgbà náà wá. Kò sí ariwo, kò sí ìjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbọ́ ọ kò fi í sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà ti ń gbọ́ ọ. Olamide, ọmọ Bàrígà, dá iléeṣẹ́ YBNL sílẹ̀ ní 2012, ó kọ́ ọ títí ó fi dúró, kó tó wá bá iléeṣẹ́ Empire ti San Francisco ṣe àdéhùn ní 2020. Ó ti ní ilé kó tó pe ayálégbé, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́ nínú àdéhùn náà. Brymo ní tirẹ̀ ní aáwọ̀ pẹ̀lú iléeṣẹ́ Chocolate City lórí ìwé àdéhùn. Kóòtù Gíga Ìjọba Àpapọ̀ kọ́kọ́ ní kó má gbé orin jáde ní 2013, wọ́n sì tú àṣẹ náà ká ní 2014. Láti ìgbà náà, òun ló ń gbé àwo ara rẹ̀ jáde, ó sì ti lé ní márùn-ún.

Èmi kò sọ pé kí olórin má ṣe bá iléeṣẹ́ ńlá ṣe. Owó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mọ ẹni tó mọ ẹni. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹ wo ìgbà tí másítà máa padà sọ́wọ́ yín. Àdéhùn tó sọ pé kí wọ́n mú másítà lò fún ọdún mẹ́wàá kí wọ́n sì dá a padà yàtọ̀ sí èyí tó sọ pé tiwọn ni títí ayé. Owó tí wọ́n kọ́kọ́ kà fún yín nílẹ̀, gbèsè ni lójú ìwé: wọ́n á yọ ọ́ nínú èrè yín kí ẹ tó rí kọ́bọ̀, bí wọ́n sì ti ń ra aṣọ fún yín tí wọ́n ń ṣe fídíò fún yín ni gbèsè náà ń ga. Bí lọ́yà tó kọ ìwé náà bá sọ pé òun á bá yín kà á, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ wá lọ́yà tiyín.

Ẹ̀yin tí orin yín ti jáde, ẹ ṣí Spotify tàbí Apple Music lónìí, ẹ wo ìsàlẹ̀ àwo yín, níbi tí lẹ́tà P kékeré wà nínú òbìrí, pẹ̀lú ọdún àti orúkọ ẹni tó ni ohùn gbígbà náà. Bí orúkọ yín kọ́ ni ẹ bá níbẹ̀, tí ẹ kò sì rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ wá ìwé tí ẹ fọwọ́ sí jáde, kí ẹ gbé e lọ bá lọ́yà ní ọ̀sẹ̀ yìí.